Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta Ló Jogún Báǹkì Tó Pa Ìlẹ̀kùn Dé?

Láti ìgbà tí a ti kéde pé ojú ìwé yìí yóò máa gba ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ owó, lẹ́tà tó dá lórí báǹkì tó ti pa rẹ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wọlé. Mẹ́rin ni àyè gbà nínú wọn lóṣù yìí. Èmi tí mò ń dáhùn lo ọdún 19 lẹ́yìn káńtà báǹkì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níhìn-ín kí n tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn níbì kan ju ibòmíràn lọ, ẹ fi orí jì mí.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá mi di olóògbé ní ọdún 2009, wọ́n sì fi àpótí onípáánù kan sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣí títí di ìgbà tí a fẹ́ tún òrùlé ilé ṣe lọ́dún tó kọjá. Inú rẹ̀ ni mo ti rí ìwé báǹkì kékeré kan tí wọ́n lẹ àwòrán bàbá mọ́ inú rẹ̀, tí wọ́n sì kọ Co-operative Bank sí ara rẹ̀. Ìbàdàn ni bàbá ti ṣí àkáǹtì náà nígbà tí wọ́n ń ṣòwò kòkó níbẹ̀. Iye tó wà ní ìlà ìkẹyìn jẹ́ ₦1,846.50, ní ọdún 1992. Ìwé ìpín Skye Bank tí bàbá rà ní ọdún 2007 náà wà nínú àpótí yìí. Mo bèèrè Co-operative Bank lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe POS ní Tákíẹ̀, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí. Àgbàlagbà kan ló wá sọ fún mi pé báǹkì náà ti kú. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé báǹkì máa ń kú ni? Bí ó bá sì kú, ta ló ń jogún rẹ̀? — Àjàní, Òkè-Ẹlẹ́rin.

Ìdáhùn: Alàgbà Àjàní, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí kí n tó pa ìtàn rẹ̀. Ìwé méjèèjì tó wà nínú àpótí bàbá kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá. Ìwé báǹkì kékeré tí wọ́n ní ó ti kú yẹn ṣì ní ẹni tó yẹ kó dáhùn fún un. Ìwé ìpín tó rẹwà, tí ẹ̀yin fúnra yín rò pé ó níye lórí, ni ó ti kú. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí báǹkì jẹ lówó àti ẹni tó ni báǹkì, ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ní rú u lójú.

Ọdún 1953 ni wọ́n dá Co-operative Bank sílẹ̀ ní Ìbàdàn, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Ìwọ̀-Oòrùn, tí àgbẹ̀ kòkó pọ̀ jù nínú wọn, ni wọ́n sì tìtorí wọn dá a. Báǹkì òyìnbó ló gba iwájú ní ilẹ̀ wa lákòókò náà: Bank of British West Africa, tó ti wà láti ọdún 1894, tí a wá mọ̀ sí First Bank ní ọdún 1979, àti Barclays, tó di Union Bank ní ọdún 1979 kan náà. Òwò àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ni àwọn wọ̀nyí ń bójú tó jù, àgbẹ̀ tó bá sì wọ ibẹ̀ pé òun fẹ́ yá owó, àfi kó padà sílé lọ́wọ́ òfo. Àwọn bàbá wa sì ní àjọ tiwọn, wọ́n ní èésú, àwọn mìíràn sì ń ri owó mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò. Èrò àwọn alájẹṣẹ́kù ni pé bí àgbẹ̀ bá lè pa kòkó wọn pọ̀ tà, wọ́n lè pa owó rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú, kí ẹni tó nílò owó oògùn kòkó lóṣù Kẹfà lè rí i yá nínú owó tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó wá lóṣù Kejìlá tí kòkó ti tà. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí báǹkì òyìnbó nìyẹn, òun náà ló sì jẹ́ kí oníṣòwò bíi bàbá yín, tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ bá kòkó ní Ìbàdàn, rí i bí ilé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣi orúkọ mú. Báǹkì mìíràn wà ní Enugu tí wọ́n ń pè ní Co-operative and Commerce Bank. Ìyẹn wà lára báǹkì 26 tí ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù Kìíní ọdún 1998. Kì í ṣe ti bàbá yín. Mo ti rí ẹni tí wọ́n lé kúrò ní káńtà nítorí pé akọ̀wé kékeré ka ìdajì orúkọ báǹkì, ó sì sọ fún un pé ọdún 1998 ni owó rẹ̀ ti tán.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2004 ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo, tó jẹ́ gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, tí gbogbo wa ń pè ní CBN, kéde pé owó ìdúró, ìyẹn owó tí àwọn tó ni báǹkì fi dá a dúró, tí báǹkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní yóò kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà, yóò sì di bílíọ̀nù 25, ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2005 ni gbèdéke. Báǹkì 89 ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tó sọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá wà nídìí iṣẹ́ náà nígbà yẹn yóò rántí bí àwọn ọ̀gá báǹkì ṣe ń sáré kiri bí alárenà, tí báǹkì tó bá kọ ọ̀kan lówùúrọ̀ yóò ti máa bá òmíràn sọ̀rọ̀ kó tó di alẹ́. Nígbà tí gbèdéke pé, báǹkì 25 ló kù. Co-operative Bank kò lè dá nǹkan náà ṣe; òun àti Prudent Bank, EIB International Bank, Bond Bank àti Reliance Bank ni wọ́n jọ dara pọ̀, wọ́n sì sọ ara wọn ní Skye Bank. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ni kò mọ nǹkan kan nípa gbogbo èyí. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọ̀ ọ̀dà ara ògiri yí padà.

Ohun tó ṣe pàtàkì nínú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé kì í ṣe ilé àti àga nìkan ni báǹkì tuntun ń gbà. Ìwé àdéhùn ìdàpọ̀ máa ń lọ sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ kí wọ́n tó fi òǹtẹ̀ lù ú, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ ni pé gbogbo ohun tí báǹkì àtijọ́ ní àti gbogbo ohun tó jẹ ni báǹkì tuntun jogún. Owó tí ẹ fi pamọ́ sí báǹkì, gbèsè ni lọ́rùn báǹkì. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí orúkọ Co-operative Bank pa rẹ́, Skye Bank ló jẹ bàbá yín lówó.

Skye Bank náà kò pẹ́ tó fi kó sí ìyọnu. Ó ra Mainstreet Bank, tí í ṣe Afribank tẹ́lẹ̀, ní ọdún 2014. Ní oṣù Keje ọdún 2016, CBN dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn ìgbìmọ̀ olùdarí rẹ̀ sì fi ipò sílẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, CBN gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì dá Polaris Bank sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà láti gba gbogbo àkáǹtì àwọn oníbàárà. Àjọ AMCON, tó ń ra gbèsè tí àwọn báǹkì kò rí gbà, ló kó bílíọ̀nù 786 náírà sínú rẹ̀ kó tó lè dìde. Ní ọdún 2022 ni wọ́n ta Polaris fún àwọn olówó aládàáni. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tọ ipa rẹ̀ láti inú ìwé báǹkì bàbá, Co-operative bí Skye, Skye fi ogún sílẹ̀ fún Polaris, ìlẹ̀kùn Polaris sì ni kí ẹ kàn.

Ìwé ìpín ńkọ́? Ẹni tó fi owó pamọ́ sí báǹkì dà bí ẹni tó gbé ẹrù fún aládùúgbò pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ra ìpín ni ó bá aládùúgbò náà dá owó kọ́ ilé. Bí ilé náà bá jó, olẹ́rù yóò bèèrè ẹrù rẹ̀, wọn yóò sì wá a kàn. Ẹni tó dá owó ilé, ta ni yóò bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Òun náà ni onílé. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ìwé àṣẹ Skye ni owó àwọn onípìn-ín rẹ̀ ṣègbé, Polaris kò sì jogún wọn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí dunni, nítorí pé owó ìpín tí bàbá san ní ọdún 2007 ṣeé ṣe kó pọ̀ ju owó inú ìwé kékeré lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ ọ̀nà tí òun lè gbà bá yín gba owó ìpín Skye, tó sì ní kí ẹ mú owó fọ́ọ̀mù wá, ẹ tì í jáde.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìwé kékeré. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí báǹkì ń lò báyìí, nítorí pé ọdún 2012 ni gbogbo báǹkì ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lo nọ́ńbà àkáǹtì ẹlẹ́yọ 10 kan náà. Akọ̀wé tó bá tẹ nọ́ńbà àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà yóò sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ má tìtorí ìyẹn padà sílé. Ẹ ní kí wọ́n wá a nínú àkọsílẹ̀ àwọn àkáǹtì tí wọ́n kó wá láti Co-operative Bank. BVN kò sí nígbà ayé bàbá, oṣù Kejì ọdún 2014 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àìsí rẹ̀ kì í sì í ṣe ìdí láti sọ pé owó ti sọnù. Àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ọdún 10, ìlànà tí CBN gbé jáde ní ọdún 2024 sọ pé kí báǹkì kó owó rẹ̀ lọ sí àpò pàtàkì kan lọ́dọ̀ CBN. Ibẹ̀ ni owó bàbá yẹ kó wà báyìí. Síbẹ̀, báǹkì náà ni ẹ ó gbà kọjá láti bèèrè rẹ̀, kì í ṣe CBN, ìlànà yẹn sì fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 láti dá owó padà fún ẹni tó bá fi ẹ̀rí hàn.

Nípa ẹ̀rí yìí, mo ní ohun kan láti sọ tí kò sí nínú ìwé òfin kankan. Nígbà tí a ṣì ń fi káàdì àti ìwé ńlá ṣiṣẹ́, lẹ́tà A àti lẹ́tà O ló máa ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú dúróà wa. Adé, Àjàdí, Akin, Àlàbí, Ayọ̀. Ọlá, Olú, Oyè. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Oyè nìkan lè kún dúróà kan bámúbámú, nígbà tí gbogbo lẹ́tà P, R àti U bá ara wọn gbé nínú dúróà ẹyọ kan tí kò kún. Orúkọ bàbá àti ti ọmọ nìkan kò lè mú káàdì ẹni jáde. Ohun tí a fi ń mọ àwọn àgbà yàtọ̀ síra wọn ni àdírẹ́sì, tó jẹ́ orúkọ agbo ilé, àti ìtẹ̀ka fún ẹni tí kò lè kọ̀wé. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ agbo ilé yín gẹ́gẹ́ bí bàbá ṣe lè kọ ọ́ nígbà náà, ẹ kọ àdírẹ́sì tí wọ́n ń gbé ní Ìbàdàn, kí ẹ sì mú àwòrán inú ìwé náà dání láìyọ ọ́ kúrò níbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Báǹkì yóò bèèrè ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé àṣẹ ìpín ogún láti ilé ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fi ọgbọ́n ṣe é nìyí. ₦1,846.50 ní ọdún 1992, owó gidi ni. Lónìí, owó ọkọ̀ láti Tákíẹ̀ dé Ìbàdàn ju ìyẹn lọ, èlé tó sì wà lórí rẹ̀ kò lè mú un kúrò nínú ìṣẹ́. Bí ẹ kò bá ní ìdí mìíràn tí ẹ fi fẹ́ gba ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́, owó tí ẹ ó ná sórí rẹ̀ yóò ju èyí tí ẹ ń lé lọ. Bí ilẹ̀ tàbí ilé bàbá bá wà tí ẹ ṣì ní láti pín, ẹ kọ àkáǹtì yìí mọ́ ọn nínú ìwé kan náà, kí iṣẹ́ kan ṣe méjì.

Ìbéèrè: Ìyá mi wà lára àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ìjọba Gánà lé wálé ní ọdún 1969. Wọ́n sọ fún wa pé National Bank ni wọ́n kó ìwọ̀nba owó tó kù lọ́wọ́ wọn sí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ ní Ọjà Jagun. Ta ni National Bank wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí? — Ìyá Ìbejì, Ìsàlẹ̀ Àfọ́n.

Ìdáhùn: Wema Bank ni, Màmá. Ọdún 2005 tí mo sọ lókè yìí náà ni Wema gba National Bank mọ́ra.

Inú mi dùn pé ẹ bèèrè èyí, nítorí pé National Bank ní ìtàn tó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀. Ọdún 1933 ni Dókítà Akinọlá Májà, T. A. Doherty àti Hamzat Subair dá a sílẹ̀ ní Èkó, nígbà tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí báǹkì aláwọ̀ dúdú kan tó lè dúró. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n dá lẹ́yìn rẹ̀ sì ti wó kó tó di ọdún 1954. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbà á ní ọdún 1961. Wema náà kì í ṣe àlejò: Agbọ́nmágbè Bank ni orúkọ rẹ̀ nígbà tí Olóyè Mathew Òkúpè dá a sílẹ̀ ní ọdún 1945, ọdún 1969 ló sì di Wema. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó jáde, tí àwọn ènìyàn wa fi ọjà àti ilé sílẹ̀ ní Kumasi àti Accra. Ẹni tó bá ti fojú rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó yé mi ìdí tó fi wá báǹkì tí ọmọ Yorùbá ni.

Bí ìwé báǹkì kò bá sí lọ́wọ́ yín mọ́, iṣẹ́ náà yóò le, ṣùgbọ́n ẹ lọ bi Wema pẹ̀lú orúkọ tí ìyá ń jẹ́ nígbà náà, kì í ṣe orúkọ tí ẹ ń pè wọ́n nísinsìnyí.

Ìbéèrè: Báǹkì méjì dojú kọ ara wọn ní òpópónà wa. Nígbà tí wọ́n dara pọ̀, tiwa ni wọ́n tì, wọ́n sì fi ti òdìkejì sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ tiwa ló pẹ́ jù, òun náà ni èrò máa ń pọ̀ sí jù. Báwo ni wọ́n ṣe ń yan èyí tí wọn yóò tì? Ṣé òfin gbà wọ́n láàyè láti tì í láì bi àwa oníbàárà? — Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìjẹ̀rù.

Ìdáhùn: Ẹ̀yin Olùkọ́, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Òfin báǹkì ti ọdún 1991 àti èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2020 sọ pé báǹkì kò gbọ́dọ̀ ṣí ẹ̀ka, kò sì gbọ́dọ̀ ti ẹ̀ka, àfi kí CBN fọwọ́ sí i ní kíkọ sílẹ̀. CBN ni wọ́n ní láti bi. Kò sí ibi tí òfin yẹn ti ní kí wọ́n wá jókòó ti àwọn tó ń tò síwájú káńtà, èmi sì gbà pé ó yẹ kó wà níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń yàn án, ọjọ́ orí ẹ̀ka kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iye èrò kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀ka kan ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì fún jẹnẹrétọ̀ láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́, ó ń san owó ọlọ́pàá, ó ń san owó ọkọ̀ agbówó, ó ń san owó ilé. Lójú olú ilé iṣẹ́ ní Èkó, ẹgbẹ̀rún ìyá alátẹ tí oníkálukú wọn ń fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà pamọ́ lọ́sẹ̀, ìnáwó ni wọ́n jẹ́. Alágbàṣe kan ṣoṣo tó ní mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún nínú àkáǹtì, èrè ni. Nítorí náà, èrò tó kún ẹ̀ka kò lè gbà á sílẹ̀. Wọn yóò tún wo èyí tí àdéhùn ilé rẹ̀ fẹ́ parí, àti èyí tí ọkọ̀ agbówó lè wọ àgbàlá rẹ̀ láì dúró sí ojú títì. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n fi ti ẹ̀ka tèmi.

Lẹ́yìn ìdàpọ̀ ńlá ti ọdún 2005 ni. Mi ò ní dárúkọ báǹkì náà. Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí a ti ti ìlẹ̀kùn, àwọn òṣìṣẹ́ gun àkàbà, wọ́n yọ pátákó orúkọ sílẹ̀, a sì kó àwọn káàdì ìfọwọ́sí sínú páálí mẹ́tàlá, A àti O nìkan gba mẹ́jọ, wọ́n gbé wọn sọdá pẹ̀lú ọlọ́pàá méjì níwájú àti ẹ̀yìn bí ẹni gbé òkú ọba. Nígbà tí ọjọ́ Ajé fi máa mọ́, ṣéènì ti wà lẹ́nu géètì, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ọn, èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ sí i. Àwọn àgbà tí kò mọ̀wé dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi kan orí wọn, wọ́n rò pé a pẹ́ ni. Èmi ni wọ́n rán padà láti òdìkejì títì láti lọ máa sọ fún wọn.

Màmá kan tó ń ta ọṣẹ dúdú tú ìdí aṣọ rẹ̀ níwájú mi, ó mú táálì bàbà kan jáde tí nọ́ńbà 47 wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ táálì: ẹni tó bá fẹ́ gba owó yóò fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lórí káńtà, a ó fún un ní bàbà roboto tó ní nọ́ńbà, yóò sì lọ jókòó títí a ó fi pe nọ́ńbà rẹ̀. Owó tán lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ Ẹtì yẹn kó tó kàn án. Ẹnì kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi náà, sọ fún un pé kó mú táálì rẹ̀ lọ sílé, kó padà wá lọ́jọ́ Ajé, òun la ó kọ́kọ́ pè. Mo mú un sọdá títì. Ní ẹ̀ka òdìkejì, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń pe èrò, wọn kò lo táálì. Ìwé báǹkì rẹ̀ ń bẹ nínú páálí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, owó rẹ̀ pé, kọ́bọ̀ kan kò dín, ọwọ́ aago mẹ́ta ọ̀sán ló sì rí i gbà. Kò sí ẹni tó gba táálì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni kí òun fi ṣe. Mi ò mọ èsì tí mo lè fún un.

Ọ̀rọ̀ títi ẹ̀ka kò sì tíì parí, torí pé ní oṣù Kẹta ọdún 2024, CBN tún gbé owó ìdúró sókè: bílíọ̀nù 500 náírà fún báǹkì tó ń ṣòwò dé òkè òkun, bílíọ̀nù 200 fún èyí tó wà káàkiri Nàìjíríà, bílíọ̀nù 50 fún ti ẹkùn, ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2026 ni wọ́n sì fi ṣe gbèdéke. Ẹni tó bá gbọ́ pé báǹkì òun àti òmíràn fẹ́ dara pọ̀, kó lọ rí i dájú pé nọ́ńbà fóònù rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wọn ni èyí tó ń lò lọ́wọ́, kó sì tẹ àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ̀ jáde sórí ìwé. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kọjá ìdàpọ̀, tó di pé wọ́n gba ìwé àṣẹ báǹkì láìsí ẹni tó jogún rẹ̀, àjọ NDIC, tó ń dójú tòfò owó inú báǹkì, ni yóò kọ́kọ́ san tó mílíọ̀nù 5 náírà fún oníbàárà. ₦500,000 péré ni kí wọ́n tó gbé e sókè ní ọdún 2024. Ìyókù, a ó máa retí bí wọ́n bá ṣe ń ta dúkìá báǹkì náà.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ra ilé kan tó jẹ́ ẹ̀ka báǹkì tẹ́lẹ̀, kí n fi kó oúnjẹ adìyẹ sí. Ìlẹ̀kùn irin yàrá owó ṣì wà níbẹ̀, kò ṣeé yọ. Ẹni tó fẹ́ tà á fún mi ní kí n wó ògiri. Kí ni kí n ṣe? — Ọ̀dọ́ Àgbẹ̀, Àrówómọ́lẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ má wó o, àbúrò. Wọ́n kọ́kọ́ gbé ìlẹ̀kùn yẹn nà ró ni kí wọ́n tó mọ ògiri rẹ̀, irin sì wà nínú kọnkéré náà láti ìpìlẹ̀ títí dé òkè. Bí ẹ bá wó ògiri náà, ó lè ba ilé jẹ́. Ohun tí ẹ ní láti ṣe ni kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ méjèèjì, nítorí pé ẹni méjì ló máa ń ṣí i, ọ̀kan wà lọ́wọ́ máníjà, èkejì wà lọ́wọ́ akápò, kí ẹ sì gbẹ́ ihò afẹ́fẹ́ kékeré sí òkè kí oúnjẹ adìyẹ má bàa bu.

Ẹ̀ka tí mo ti ṣiṣẹ́ ńkọ́? Oníṣòwò èlùbọ́ kan ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo yà síbẹ̀ lóṣù tó kọjá. Àpò rẹ̀ kún yàrá owó wa dé àjà, ìwọ̀n rẹ̀ wà lórí káńtà tí mo ti máa ń ka owó, ó sì sọ fún mi pé láti ọdún mẹ́rin tí òun ti gba ibẹ̀, eku kan ṣoṣo kò tíì wọ inú rẹ̀.